Ẹni Tó Fa Wáyà Yọ Lórí Tábìlì Adájọ́

"Yéè! Ta ló fa wáyà mi yọ?"

Igbe tí Adájọ́ ké lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbọ́ ọ ketekete. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ju irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nù, ó rò pé iná ló gbé èèyàn. Iná ò gbé ẹnikẹ́ni o. Ọkùnrin gíga kan ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lẹ́búlẹ́bú pákó kún irun apá rẹ̀, orí wáyà tó ń fún kọ̀ǹpútà méjì níná ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wo ojú wọn bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

"Èmi ni," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ má bínú. Mo fẹ́ wo èyí tó máa kú ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Adájọ́ jẹ́ fún yín, kí ẹ lè mọ ìdí tó fi ké tó bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin ni, àbúrò ìyá rẹ̀ ló sì ni ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà àlòkù tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Kọ̀ǹpútà tuntun kì í dé ibẹ̀. Àwọn tó ti dàgbà ni wọ́n ń tà, àwọn olówó pọ́ọ́kú: láptọ́ọ̀pù tí ìdérí rẹ̀ ti họ, àti àwọn dẹ́sítọ́ọ̀pù ńláńlá tó ń jókòó gẹlẹtẹ sórí tábìlì tí wọn ò lè rìn lọ síbì kankan. Oníbàárà tí kò bá mọ èyí tó máa mú, ọ̀dọ̀ Adájọ́ ni wọ́n ń tì í sí, nídìí tábìlì gígùn tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Adájọ́ á gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Á gbé iṣẹ́ kan náà fún pùrósẹ́sọ̀ méjèèjì, ìyẹn ọpọlọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ronú, á wá fọwọ́ lẹ́rán, á máa wò wọ́n. Bí oníbàárà bá ń kánjú, á ní, "Wọn ò tíì gbóná o, ẹ má tíì bi mí." Ìgbà tí ara méjèèjì bá gbóná dáadáa ló tó máa ń lanu sọ èyí tó ṣì ń sáré àti èyí tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá gbọ́ ìdájọ́ lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ náà wá mọ́ ọn lára bẹ́ẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó fa wáyà yọ rí nígbà tí ìdánwò ń lọ lọ́wọ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé orí yín pé ṣá?" ni Adájọ́ bi í. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń se wọ́n bọ̀! Ó ku díẹ̀ kí wọ́n jinná!"

"Ẹ wò ó," ni ọkùnrin náà wí, ó ń nàka. "Èyí ti kú."

Lóòótọ́ ni. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ti kú fin-ín, ojú rẹ̀ dúdú, fáànù rẹ̀ dákẹ́. Láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń bá iṣẹ́ lọ ní tirẹ̀. Bátìrì ló fi ń mí, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró.

Adájọ́ la ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Gbogbo bó ṣe ń dá ẹjọ́ kọ̀ǹpútà láti ọjọ́ yìí, ara ògiri ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Kò wá sọ́kàn rẹ̀ rí pé kó wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ògiri bá daṣẹ́ sílẹ̀.

"Káfíńtà ni mí," ni ọkùnrin náà ń ṣàlàyé, ó rọra ń ki wáyà padà sí ihò rẹ̀. "Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ni mò ń ṣe. Ilé tí wọn ò tíì fa iná sí ni mo máa ń lọ wọn ògiri rẹ̀. Mo fẹ́ máa yà á sójú kọ̀ǹpútà kí onílé rí i, kí n tó gé pákó."

Adájọ́ tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó gbìyànjú láti gba ipò rẹ̀ padà. "Ó dáa, ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Orúkọ kan náà ni wọ́n kọ sára àwọn méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín jẹ. Pùrósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù yìí, wọ́n ṣe é kó má fi iná ṣòfò ni. Iṣẹ́ méjì péré ló lè ṣe pọ̀, inú ilé tóóró ló sì ń gbé. Bí ooru bá ti mú un, á dẹ ẹsẹ̀. Ti dẹ́sítọ́ọ̀pù yẹn dàgbà jù ú lọ, àmọ́ iṣẹ́ mẹ́rin ló ń ṣe pọ̀, fáànù ńlá wà lórí rẹ̀, bó ṣe ń sáré láàárọ̀ náà ló ń sáré títí tẹ́ ẹ fi pa á. Dẹ́sítọ́ọ̀pù ló borí. Ìkejì ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn."

Káfíńtà mi orí. "Mo gbọ́. Ó borí." Ó na ọwọ́ sí láptọ́ọ̀pù. "Èyí ni mo máa mú."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Èyí ni mo fẹ́."

Ó gbé e, ó dúpẹ́, ó lọ. Adájọ́ dúró bí ẹni tí wọ́n bu omi tútù lù. Ẹ ò ní gbàgbọ́, inú ń bí i títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ń nu tábìlì, ó ń dá sọ̀rọ̀. "Mo ní eléyìí ló borí, ó lóun gbọ́, ó tún wá mú ìkejì! Kí ló wá ń bi mí fún?" Àbúrò ìyá rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Ohun tó wá já a láyà ni pé nígbà tó délé tó fẹ̀yìn lélẹ̀, kì í ṣe láptọ́ọ̀pù ló ń rí. Apá tí lẹ́búlẹ́bú pákó kún ló ń rí.

Káfíńtà padà wá. Ó ní nǹkan náà ń gbóná jù. Adájọ́ tú u, ó bá lẹ́búlẹ́bú pákó nínú fáànù. Ó gbọ̀n ọ́n dànù, ó nu ìpara funfun tó ti gbẹ lórí pùrósẹ́sọ̀, ìpara tó ń bá a gbé ooru kúrò, ó fi tuntun sí i. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀. Káfíńtà tún padà wá: lẹ́búlẹ́bú. Ó tún wá: lẹ́búlẹ́bú báyìí! Nígbà yẹn wọ́n ti ń pe ara wọn ní ìwọ, wọ́n ti mọ ohun tí kálukú ń jẹ lọ́sàn-án, ìjókòó kan sì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí ẹlòmíràn kì í jókòó lé.

"Gbọ́ ná," ni Adájọ́ wí lọ́jọ́ kan, "ṣé inú láptọ́ọ̀pù yìí lo ti ń rẹ́ pákó ni?"

Káfíńtà gbójú sí fèrèsé, ó ń họ ọrùn.

"Háà! Ìwọ lò ń dà á síbẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni," ni Káfíńtà wí. "Àwọn yòókù fẹsẹ̀ ara wọn wọlé. Mi ò mọ ohun míì tí mo lè sọ pé mo wá ṣe níbí."

Orí mi ò! Adájọ́ fa àkísà yọ, ó fi na èjìká rẹ̀, ó tún nà án, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè nà án dáadáa. Odidi pùrósẹ́sọ̀ lọkùnrin yìí fẹ́ fi ooru pa kó ṣáà lè rí òun! Kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ fún un rí.

"O ò lè lanu kó o sọ pé o fẹ́ rí mi?"

"Mo fẹ́ rí ẹ," ni Káfíńtà wí. "Ojoojúmọ́ ni mo fẹ́ rí ẹ. Mo fẹ́ràn rẹ, Adájọ́ mi. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́." Adájọ́ ju àkísà sílẹ̀. "Èmi náà fẹ́ràn rẹ, olólùfẹ́ mi. Àmọ́ bó o bá tún da nǹkan sínú fáànù yẹn, màá da ìwọ náà nù."

Ìfẹ́ wọn dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ó dùn débi pé Adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí iṣẹ́, òun tí kì í kọrin. Ẹni tí kò bá orin náà rẹ́ ni ìyá rẹ̀.

Ìyá Adájọ́ ti ní ẹni tó ń wò lọ́kàn fún un. Ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, Akọ̀wé ni gbogbo ilé ń pè é. Ẹ má retí kí n bú Akọ̀wé fún yín, kò ṣe nǹkan kan. Ọmọlúàbí ni, ó mọ̀ ọ́n wọ̀, ó mọ èèyàn kí. Ó ti wá kí wọn nílé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì ń wo Adájọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Màámi, ẹnì kan ti wà lọ́kàn mi," ni Adájọ́ sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi kan tí wọ́n jọ ń ká aṣọ.

"Káfíńtà."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Lẹ́búlẹ́bú tó wà lára aṣọ rẹ tí mò ń fọ̀ ni." Ìyá rẹ̀ gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́ mi, ọmọ mi. Èmi ò wo nǹkan kan kí n tó tẹ̀lé bàbá rẹ. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, mo dìde. Ṣé ìwọ mọ ibi tó wà lónìí? Èmi ò mọ̀. Ká ní mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn wò díẹ̀ péré ni, ǹ bá ti rí i pé kò ní dúró."

Adájọ́ tún ká aṣọ kan. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ibi tó ti kọ́ àtimáa fi nǹkan wé nǹkan kó tó fọwọ́ kàn án nìyẹn.

"Àwọn ènìyàn ń wá láti ibi gbogbo kó o bá wọn yan kọ̀ǹpútà," ni ìyá rẹ̀ ń bá a lọ. "Tìrẹ wá dé, o fẹ́ dijú mú. Gbé àwọn méjèèjì sórí tábìlì! Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ rẹ nìyẹn? Èyí tó bá borí, màá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bó bá jẹ́ káfíńtà, màá jó."

Ibí yìí ni Adájọ́ ti ṣe àṣìṣe rẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti bínú, tàbí kó sunkún. Adájọ́ ro ọ̀rọ̀ náà wò, ó rí i pé ó bọ́gbọ́n mu! Ìdí ni pé ó dá a lójú hán-ún pé Káfíńtà ló máa borí. "Mo gbà, Màámi," ni ó wí. "Iṣẹ́ kan náà la máa gbé fún wọn, a ó sì jẹ́ kí wọ́n gbóná."

Iná tí wọ́n máa fi sè wọ́n kò jìnnà. Màmá Àgbà ni, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ẹnu Màmá Àgbà mú. Dókítà tó wá wo orúnkún rẹ̀ gbàgbé báàgì rẹ̀ síbẹ̀ nítorí ìkánjú àtijáde. Àdéhùn wọn ni pé kálukú àwọn ọkùnrin náà á wá jókòó ti Màmá Àgbà lọ́jọ́ tirẹ̀, Adájọ́ àti ìyá rẹ̀ á sọ fún un pé àwọn ń jáde. Wọn ò ní jáde. Wọ́n á wà nínú ilé ìdáná, wọ́n á gbé etí ti ògiri.

Akọ̀wé ló kọ́kọ́ wá. Màmá Àgbà ní bàtà rẹ̀ ń dún jù, ó bọ́ ọ. Ó ní ohùn rẹ̀ rí bíi ti ẹni tó ń ta nǹkan, Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ó ní kó ka ìwé ìròyìn sókè, ó kà á. Ó ní kó tún un kà, òun ò gbọ́. Ó tún un kà. Nínú ilé ìdáná, Adájọ́ ń retí kó bínú, kò bínú. Òòrùn ń wọ̀ kí ọkùnrin náà tó dìde, ó sì ṣì ń pe Màmá Àgbà ní màmá mi dáadáa.

"Eléyìí ò tiẹ̀ gbóná rárá," ni ìyá Adájọ́ sọ sí i létí wúyẹ́wúyẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká rí ìkejì ná," ni Adájọ́ fèsì.

Káfíńtà dé lọ́jọ́ tirẹ̀, ó kí Màmá Àgbà, ó jókòó. Kò tíì jókòó tán tó tún dìde.

"Màmá, ẹsẹ̀ ibùsùn yín yìí ti là. Ó máa gbé yín ṣubú."

"Má fọwọ́ kan ibùsùn mi."

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án, ẹ ṣáà dìde kúrò lórí rẹ̀ kí n wò ó."

"O ní kí n dìde? Ìwọ pákó lásán yìí, kúrò lórí ibùsùn mi?"

"Màmá, oríkunkun lẹ̀ ń ṣe."

Mo gbé! Nínú ilé ìdáná, Adájọ́ ká ọwọ́ lé orí. Ohùn ń lọ sókè. Màmá Àgbà ní òun ti sùn lórí ibùsùn náà kí wọ́n tó bí i, Káfíńtà ní ìyẹn gan-an ló mú kó là. Màmá Àgbà ní kó jáde. Káfíńtà ní ó dáa, òun ń jáde. Ilẹ̀kùn dún gbàà!

Ìyá Adájọ́ ò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọ rẹ̀. "Pẹ̀lẹ́," ni ó wí.

Adájọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, omijé ń dà lójú rẹ̀. Olólùfẹ́ rẹ̀ pàdánù. Ó pàdánù pátápátá, kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè tún un sọ. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu jù: bí ó ti ń wá inú ọkàn rẹ̀ kiri, ó ń wo bóyá ìfẹ́ náà ti dín kù, kò rí ibi tó ti dín. Ẹ̀rù bà á.

"Màámi, ẹ fún mi láyè díẹ̀," ni ó bẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ní kò burú.

Kò fún un láyè o. Kò pẹ́ rárá, Adájọ́ ti ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣí ilẹ̀kùn pálọ̀, ara rẹ̀ bù máṣọ. Akọ̀wé jókòó sápá ọ̀tún. Káfíńtà jókòó sápá òsì, báàgì láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò mọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ wà láàárín, ó ti wọ aṣọ àtàtà.

"Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò," ni ìyá náà bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin méjèèjì lẹ fẹ́ ọmọ yìí. A gbé iṣẹ́ kan náà fún yín. Jíjókòó tẹ́ ẹ wá jókòó ti Màmá Àgbà yẹn, ìdánwò ni. A wà lẹ́yìn ògiri, a gbọ́ gbogbo rẹ̀."

Akọ̀wé nà ró lórí ìjókòó.

"Ìdánwò?" ni Akọ̀wé wí. "Mo gbàyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn o!"

Ẹ̀rín ti kú lójú Káfíńtà. "Adájọ́," ni ó pè é jẹ́jẹ́. "Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Lóòótọ́ ni."

"Ìwọ náà wà lẹ́yìn ògiri?"

"Mo wà níbẹ̀."

"O gbé mi sórí tábìlì." Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Èmi, pẹ̀lú ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. O wá fọwọ́ lẹ́rán."

Ìyá Adájọ́ kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Adájọ́. Dá ẹjọ́ náà kí wọ́n gbọ́ ọ. Ta ló borí?"

Ó lè purọ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ló gbọ́ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì lè sọ pé àwọn méjèèjì dọ́gba. Ó wo ojú Akọ̀wé, ó wo ojú Káfíńtà.

"Akọ̀wé ló borí," ni Adájọ́ wí. "Ìkejì ò tiẹ̀ sún mọ́ ọn."

Káfíńtà dìde. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Mo gbọ́," ni ó wí, ó sì kọrí sí ẹnu ọ̀nà.

"Ó borí," ni Adájọ́ tún wí. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀yìn ẹni tó ń lọ. "Èyí ni mo máa mú."

"Ẹ̀n-ẹ́n?" ni ìyá rẹ̀ kígbe.

"Èyí ni mo fẹ́."

Káfíńtà dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn. Kò yíjú padà.

"Nítorí kí ni?" Ìyá Adájọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí ìjókòó. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ó pàdánù! Sọ ìdí kan fún mi. Ẹyọ kan péré!"

"Mi ò mọ̀, Màámi."

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè é ní Adájọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Akọ̀wé pàápàá la ẹnu. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ọ̀pá fi dún kò-kò-kò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí Màmá Àgbà yọ sí wọn, ojú rẹ̀ le koko.

"Èmi ni iná tẹ́ ẹ fi ń se èèyàn?" ni ó bi àbúrò rẹ̀. "Nínú ilé tí mò ń gbé?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"Màá bínú! Ta ló ní káfíńtà yìí pàdánù?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ lé e jáde? Mo bi yín bóyá ó bá yín jà, ẹ ní ó bá yín jà!"

"Ó bá mi jà. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, ó gbé pákó àti ìṣó dání. Ẹ ti jáde nígbà yẹn, ẹ̀yin méjèèjì. Ó ń kan ìṣó, mò ń bú u. Mo bú u títí ó fi parí. Orí ibùsùn yẹn ni mo sùn mọ́jú òní, kò sì dún."

Ìyá Adájọ́ gbé ọwọ́ lé àyà. "Ẹ ò sọ fún wa!"

"Ta ló bi mí? Ìjà lẹ bèèrè." Màmá Àgbà yíjú sí Akọ̀wé, ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. "Ìwọ dára, ọmọ mi. O dára gan-an, má jẹ́ kí wọ́n tàn ẹ́. Àmọ́ mo ní ibùsùn mi ò ní àléébù, o ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé òjò ń rọ̀ níta, o ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Gbogbo ará ilé yìí ló ń bá mi sọ̀rọ̀ báyẹn, bíi pé wọ́n ti sin mí tán. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá mi jà."

Adájọ́ ń wo ẹ̀yìn Káfíńtà. Ìdánwò ti parí nígbà tó padà wá yẹn. Kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri.

"Ẹ ṣé, Màmá," ni Káfíńtà wí. "Àmọ́ ọkàn mi bàjẹ́." Ó ṣílẹ̀kùn, ó jáde.

Adájọ́ sá tẹ̀ lé e. Bàtà ilé ló wọ̀, kò rántí. Àwọn tó ń kọjá lójú pópó ń yíjú wò wọ́n.

"Má tẹ̀ lé mi."

"Màá tẹ̀ lé ẹ. Jọ̀ọ́, dúró. Ṣàánú mi, dúró!"

Káfíńtà dúró lábẹ́ òpó iná kan. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Báwo ni mo ṣe fẹ́ bá ẹ gbé? Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ṣé màá máa ronú bóyá o wà lẹ́yìn ògiri?"

"Ẹ̀rù ló bà mí," ni Adájọ́ wí, ó sì ń sunkún ní gbangba, ojú ò tì í. "Bàbá mi rẹ́rìn-ín sí màámi, màámi tẹ̀ lé e, ó lọ. Mo rò pé bí mo bá fi ojú ara mi rí i pé ìwọ dára ju ẹlòmíràn lọ, ẹ̀rù ò ní bà mí mọ́. O wá pàdánù, mo sì ṣì fẹ́ràn rẹ síbẹ̀. Mo ṣẹ̀ ẹ́. Kò tún ní ṣẹlẹ̀. Bó o bá fẹ́ lọ, máa lọ, àmọ́ má lọ kó o rò pé mi ò fẹ́ ẹ."

Káfíńtà tún okùn báàgì náà fà sókè léjìká rẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan," ni ó wí.

"Kí ni kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan?"

"Lẹ́búlẹ́bú yẹn. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni mo dà á sínú fáànù. Gbogbo ìgbà ni."

"Gbogbo ìgbà?"

"Gbogbo ìgbà."

Adájọ́ wò ó, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, omijé ò tíì gbẹ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "O purọ́ fún mi!" ni ó pariwo. "Gbogbo ìpara tí mo fi ṣòfò yẹn!" Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá a láyà, Káfíńtà sì di ọwọ́ náà mú síbẹ̀. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu èwo nínú wọn, èmi ò lè sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìyá kan tó ń kọjá fi bi wọ́n bóyá kò sí nǹkan.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ìyá Adájọ́ jó, bó ṣe ṣèlérí, ó jó ó sì sunkún pa pọ̀. Akọ̀wé wá síbẹ̀, ó jókòó ti Màmá Àgbà, Màmá Àgbà sì ń dún mọ́ ọn pé kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń jiyàn kó tó fẹ́ ìyàwó tirẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá.

Bẹ́ ẹ bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lónìí, Adájọ́ ṣì wà nídìí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé. Tábìlì tuntun ni, ẹ mọ ẹni tó kàn án. Ó ṣì ń gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ṣì ń se wọ́n títí wọ́n á fi gbóná. Bí wọ́n bá wá gbóná tán, tí oníbàárà ń dúró de ìdájọ́, á na ọwọ́ sí ara ògiri, á fa wáyà yọ fàì. Àwọn oníbàárà a máa lọgun, "Yéè!"

Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ń sọ fún wọn. "Dẹ́sítọ́ọ̀pù ló borí," á wí, tàbí, "Láptọ́ọ̀pù yìí ló borí," pẹ̀lú gbogbo àlàyé rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Nígbà tó bá sọ ọ́ tán, á wo ojú oníbàárà náà, á sì bi í pé, "Èwo lẹ wá fẹ́?"